Nígbà Tí Àyà Bá Ń Já Lẹ́yìn Omíyalé

Ẹ̀yin ará wa ní Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù, a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín kò tíì padà sílé. Àwọn kan wà lọ́dọ̀ ẹbí, àwọn kan ń gbé yàrá kan ṣoṣo pẹ̀lú ìdílé mìíràn, àwọn kan sì ń lọ lójoojúmọ́ láti kó ẹrẹ̀ kúrò nínú ilé. Ìwé ìsọfúnni yìí kò dá lórí oúnjẹ tàbí aṣọ ìbora. Ó dá lórí ohun kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń bá yí tí wọn kò fẹ́ sọ síta.

Nígbà tí a bá ń pín nǹkan ìrànwọ́, àwọn èèyàn máa ń fà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti sọ ọ́. Wọ́n á ní bí òjò bá ti ṣú, àyà wọn á máa lù kìkìkì, wọn kò ní lè mí dáadáa, wọ́n á sì rò pé ikú ti dé. Ẹlòmíràn á ní òun ti lọ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe òun, síbẹ̀ nǹkan náà ń padà wá. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé nǹkan yìí ní orúkọ, kì í pani, ó sì ní ohun tí èèyàn lè ṣe sí i.

Kí ni ìpayà òjijì?

Ìpayà òjijì ni ìbẹ̀rù ńlá tó máa ń ki èèyàn mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí ewu kankan kò sí nítòsí. Àwọn àmì rẹ̀ nìyí:

• Àyà á máa lù kìkìkì bí ẹni pé ó fẹ́ já bọ́, ó sì lè máa dunni.
• Èémí á kúrú, á dà bí ẹni pé afẹ́fẹ́ kò tó.
• Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n; ìka ọwọ́ tàbí ètè á máa ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀.
• Òógùn á bo ara, tàbí kí òtútù máa múni.
• Òòyì á máa kọ́ni, inú á sì máa ru.
• Á máa ṣeni bí ẹni pé a fẹ́ kú, a fẹ́ dákú, tàbí orí wa fẹ́ dàrú.

Kíá ló máa ń le. Lọ́pọ̀ ìgbà, láàárín ìṣẹ́jú 10 ni yóò ti dé góńgó, lẹ́yìn náà yóò máa rọlẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù kì í ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ. Bó bá lọ tán, á rẹ èèyàn bí ẹni tó ti oko ẹbu dé.

Àníyàn yàtọ̀ sí èyí. Àníyàn kì í dé lójijì, kì í sì í tètè lọ. Òun ló ń jẹ́ kí èèyàn jí ní aago méjì òru kó máa ṣírò gbèsè, owó ilé ìwé àwọn ọmọ, ọjà tó bá omi lọ, àti ibi tí a ó gbé bí ẹbí tó gbà wá sílé bá sú. Ó máa ń fa orí fífọ́, inú rírun, àìrí oorun sùn àti ìbínú òjijì. Àwọn méjèèjì ń ran ara wọn lọ́wọ́: ẹni tí àníyàn ti mú fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kò ní pẹ́ kí ìpayà tó mú un.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara?

Nínú ara gbogbo wa ni ohun kan wà tó ń ṣiṣẹ́ bí ọdẹ àdúgbò. Bí ewu bá dé, ó máa ń fun fèrè. Ẹ̀yà ara kékeré méjì tó wà lókè kíndìnrín á da ohun kan tí wọ́n ń pè ní adirẹnálínì sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á máa lù kíákíá kí ẹ̀jẹ̀ lè dé ẹsẹ̀ àti apá. Èémí á yá kí agbára lè wà láti sáré. Òógùn á bo ara kí ó má baà gbóná jù. Ní òru tí omi wọlé, ohun yìí gan-an ló jẹ́ kí ẹ lè gbé ọmọ sẹ́yìn, kí ẹ sì sáré jáde. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọdẹ tí olè ti jà lójú rẹ̀ rí, bí ewúrẹ́ bá gba ojúlé kọjá lóru, yóò fun fèrè. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ariwo òjò lórí páànù, ààrá, òórùn ẹrẹ̀, ìró odò Ọ̀tìn nígbà tó bá kún, tàbí kí ojú ọjọ́ kàn ṣú lásán, gbogbo wọn lè mú kí ara rò pé omi tún ti dé. Nígbà mìíràn, a kò ní rí ohun tó fà á rárá. Ó tilẹ̀ lè jí èèyàn lójú oorun.

Ìka ọwọ́ tó ń ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀ náà ní ìdí. Bí a bá ń mí kíákíá jù, afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta á dín kù jù nínú ẹ̀jẹ̀, èyí ló ń fa òòyì àti títa ṣìnṣìn náà. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé mímí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wà lára oògùn rẹ̀.

Kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe àìnígbàgbọ́

Àwọn kan á ní ayé ló ń ṣe onítọ̀hún. Àwọn kan á ní orí rẹ̀ ti fẹ́ yí, tàbí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó. Ìpayà òjijì kì í sọ èèyàn di wèrè. Ó máa ń mú pásítọ̀, ó máa ń mú àlùfáà, ó máa ń mú ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí akínkanjú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí àjálù bá dé, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹni tó bá kàn ni ọkàn rẹ̀ máa ń gbọgbẹ́, àti pé ara ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn máa ń yá bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́.

Bí àdúrà bá ń fi yín lọ́kàn balẹ̀, ẹ máa gbà á, yálà ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́sáláṣí. Àwa náà ń bá ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ní kí wọ́n fi ebi pa ẹni tí ìpayà ń mú, kí wọ́n nà án, kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀, tàbí kí ẹ lọ yá owó wá kí òun tó lè yanjú rẹ̀, ẹ má gbà fún un. Owó tó kù lọ́wọ́ yín, ẹ fi ra oúnjẹ, ẹ fi tún ilé ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò

Kì í ṣe gbogbo àyà tó ń lù ni ìpayà. Ẹ jẹ́ kí àwọn oníṣègùn yẹ̀ yín wò ní ìgbà àkọ́kọ́ tó bá ṣe yín, pàápàá bí ẹ bá ti lé ní ẹni 40 ọdún, bí ẹ bá lóyún, tàbí bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ọ̀pọ̀ èèyàn ló bá omi lọ, tí wọn kò sì tíì ra òmíràn. Bí tiyín bá ti lọ, ẹ má sọ pé ìpayà lásán ni; ẹ lọ sọ fún wọn ní ilé ìwòsàn.

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ bí:

• àyà bá ń dunni bí ẹni pé wọ́n gbé òkúta lé e, tí ìrora náà ń lọ sí apá, ọrùn tàbí àgbọ̀n, tí kò sì lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15;
• apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé rọ, ẹnu wọ́, tàbí ọ̀rọ̀ kò já gaara mọ́;
• èèyàn bá dákú ní ti gidi;
• ibà líle tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun tí ẹ lè ṣe bó bá dé

Ẹ kọ́kọ́ wo ìta. Bí omi bá ń gòkè lóòótọ́, ẹ̀rù yẹn tọ̀nà: ẹ dìde, ẹ lọ sí ibi gíga. Bí omi kò bá sí, ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ pè é lórúkọ. Ẹ sọ ọ́ lóhùn jẹ́jẹ́ pé, "Ìpayà ni. Ó ti ṣe mí rí, ó sì lọ. Èyí náà á lọ."

2. Ẹ jókòó, tàbí kí ẹ fara ti ògiri. Ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ pé ilẹ̀ wà lábẹ́ yín. Ẹ tú gèlè, bẹ́líìtì tàbí ohun tó bá fún yín lọ́rùn.

3. Ẹ fi imú mí sínú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Kí ikùn wú, kì í ṣe èjìká ni yóò gòkè. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹnu mí síta bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, kí ẹ kà dé ẹ̀fà. Èémí tó ń jáde ni kó gùn ju èyí tó ń wọlé lọ. Ẹ ṣe é fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún.

4. Ẹ dá ohun márùn-ún tí ẹ ń rí lójú báyìí lórúkọ. Ẹ fọwọ́ kan ohun mẹ́rin. Ẹ gbọ́ ohùn mẹ́ta. Èyí máa ń mú ọkàn kúrò ní òru ọjọ́ náà, á dá a padà sí ibi tí ẹ wà lónìí.

5. Ẹ má bá a jà. Ẹni tó bá ń lé ìpayà kíkankíkan máa ń fún un lágbára ni. Ẹ jẹ́ kó gòkè, ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ má dúró di ìgbà tó bá dé kí ẹ tó kọ́ mímí yìí. Ẹ máa ṣe é láàárọ̀ àti lálẹ́ nígbà tí ara bá balẹ̀, kí ó lè mọ́ yín lára.

Ẹ má jẹ́ kó fi yín sí àhámọ́

Ibi tí ìpayà ti ń ba ayé èèyàn jẹ́ jù lọ kì í ṣe ìṣẹ́jú 10 tó fi ń mú un. Ohun tó ń tẹ̀ lé e ni: sísá. Ẹni tó mú ní ọjà á ní òun kò lọ sí ọjà mọ́. Ẹni tó mú nínú mọ́tò á máa fi ẹsẹ̀ rìn. Ẹni tí òjò ń dẹ́rù bà á kọ̀ láti jáde láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹwàá. Gbogbo ìgbà tí a bá sá, ara á gbà pé òótọ́ ni pé ewu wà níbẹ̀, ọjọ́ mìíràn á sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Díẹ̀díẹ̀ la fi ń tú okùn yìí. Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan tó ń ta èlùbọ́ ṣe àpẹẹrẹ, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá ojú àgbàrá, tí kò sì lè dé ibẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kìíní, kí òun àti ẹnì kan tó fọkàn tán lọ dúró ní ìkóríta, kí wọ́n wà níbẹ̀ títí àyà rẹ̀ á fi rọlẹ̀. Bí èyí bá ti rọrùn, kí wọ́n dé iwájú ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn náà, kí ó ṣílẹ̀kùn, kí ó jókòó níbẹ̀ fún wákàtí kan. Níkẹyìn, kí ó lọ ní òun nìkan. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ó má sá kúrò nígbà tí ẹ̀rù wà ní góńgó. Kí ó dúró títí yóò fi dín kù. Àmọ́ o, ilé tí ògiri rẹ̀ ti là tàbí tí wọ́n ní kí ẹ má wọ̀, ẹ má torí èyí wọ ibẹ̀.

Ohun mìíràn tó ń dín àníyàn kù ni ètò. Ẹ di báàgì kan sílẹ̀: ìwé pàtàkì nínú ọ̀rá, oògùn, tọ́ọ̀ṣì, aṣọ ọmọ. Ẹ fẹnu kò sí ibi gíga tí gbogbo ilé máa lọ. Ní òru òjò, ẹ pín ìṣọ́ láàárín àgbà ilé, kí ẹnì kan máa wo omi kí àwọn yòókù lè sùn.

Ohun tó ń mú un le sí i

Ọtí, paraga àti ògógóró máa ń pa ẹ̀rù fún wákàtí díẹ̀; bó bá dojú òwúrọ̀, àyà á tún máa já ju ti àná lọ. Obì, kọfí àti ohun mímu amúnilágbára inú agolo máa ń mú ọkàn lù kíákíá, nítorí náà ẹ dín wọn kù, pàápàá lọ́wọ́ alẹ́. Ẹ má lọ ra Valium tàbí tramadol lọ́dọ̀ onísọ́ọ̀bù oògùn láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́ fún yín. Oògùn wọ̀nyí máa ń di bárakú, ẹni tó bá sì fi ọtí mu wọ́n lè sùn kó má jí mọ́.

Ẹ máa jẹun lásìkò, bí kò tilẹ̀ pọ̀. Ẹ máa rìn díẹ̀ lójoojúmọ́. Bí àwòrán omi àti òkú bá ń wọlé lórí fóònù, ẹ má wò ó ní alẹ́, ẹ má sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Bí ẹ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń mú

Ìwé ìtọ́sọ́nà kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn àjọ méjì mìíràn gbé jáde ní 2011 fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta kọ́ni: wò, gbọ́, so pọ̀. Ẹ wò bóyá ewu wà, ẹ wo ohun tí onítọ̀hún nílò. Ẹ gbọ́ ohun tó bá fẹ́ sọ, láìfipá mú un sọ̀rọ̀. Ẹ so ó pọ̀ mọ́ ẹbí rẹ̀ àti ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́.

Ẹ má da omi sí i lórí. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má pagbo yí i ká. Ẹ bá a jókòó, ẹ máa mí pẹ̀lú rẹ̀ kó lè máa tẹ̀ lé yín. Ẹ má sọ pé, "Ṣé ìwọ nìkan ni omi ba ilé rẹ̀ jẹ́ ni?" tàbí "Ọkùnrin kì í sunkún." Lóòótọ́ la máa ń tu ara wa nínú pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ọ̀rọ̀ ìtùnú gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí onítọ̀hún kọ́kọ́ sunkún omi tó dànù náà tán.

Àwọn ọmọdé kì í lè sọ pé ẹ̀rù ń ba àwọn. Wọ́n á máa tọ̀ sílé lẹ́yìn tí wọ́n ti jáwọ́, wọ́n á máa rọ̀ mọ́ ìyá wọn, inú á máa run wọ́n bí òjò bá ṣú, tàbí kí wọ́n máa fi omi àti ilé tó wó ṣeré. Ẹ má nà wọ́n nítorí èyí. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn ní ọ̀rọ̀ kékeré, ẹ jẹ́ kí àkókò oúnjẹ àti oorun wọn dúró lójú kan, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n padà sí ilé ìwé ní kété tó bá ti ṣeé ṣe. Àlọ́ alẹ́ ń ṣe wọ́n lóore ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ wá ìrànlọ́wọ́

Ẹ lọ bí ìpayà kò bá dín kù lẹ́yìn oṣù kan, bí ẹ kò bá lè ṣiṣẹ́, jẹun tàbí sùn, tàbí bí ẹ bá ń fi ọtí gbé ara dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ pé ó sàn kí òun kú, tàbí tó ń wá ọ̀nà láti pa ara rẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ kó oògùn apakòkòrò àti ọ̀bẹ kúrò nítòsí, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti dán an wò bóyá òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé lè tọ́jú àìsàn ọkàn àti ọpọlọ. Wọ́n kọ́ òṣìṣẹ́ 198 láti ilé ìwòsàn 68 ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015: ó ṣeé ṣe. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wọn lọ, wọ́n lè fi yín ránṣẹ́ sí Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni Yunifásítì Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tàbí sí ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n sábà máa fi bẹ̀rẹ̀: wọ́n á kọ́ yín bí ẹ ó ṣe máa kojú ẹ̀rù díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan máa ń nílò oògùn fún oṣù mélòó kan. Ìyẹn kò sọ wọ́n di aláìsàn títí ayé.

Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ ọjọ́ àti àkókò tó mú yín sílẹ̀, bó ṣe pẹ́ tó, àti ohun tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́. Ẹ kó gbogbo oògùn àti àgbo tí ẹ ń lò lọ́wọ́. Ẹ má sọ pé "ara mi kò yá" nìkan. Ẹ sọ pé àyà yín ń já láti ìgbà omíyalé.

Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú dá yín dúró. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí Òfin Ìlera Ọpọlọ tuntun, èyí tó rọ́pò òfin àtijọ́ ti ìgbà òyìnbó tó ń pe irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní wèrè. Òfin yìí sọ pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ bíi ti gbogbo èèyàn. Ṣáájú ìyẹn gan-an, ní 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, l'Abẹ́òkúta, níbi tí aláìsàn ti ń gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ẹbí tirẹ̀, tó sì ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn lójú mọmọ. Ó rí i pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn kì í dá wà kí ara rẹ̀ tó yá.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún wa níbí. Bí òjò bá ṣú lálẹ́ òní, ẹ kan ilẹ̀kùn yàrá kejì, ẹ béèrè pé, "Ṣé kò sí o?" Bí tiyín ló bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún ẹnì kan kó tó le. Ẹ sì lè bá èyíkéyìí nínú wa sọ̀rọ̀ níbi tí a bá ti ń pín nǹkan. Ọ̀rọ̀ náà kò ní jáde lẹ́nu wa.